Ọ̀gá Awakọ̀ Tó Kọ́ṣẹ́ ní Jámánì

Bí ẹ bá dé Iléṣà lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, tí ẹ ò kí Cornelius Fáṣínà, ẹ ò tíì dé Iléṣà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Fáṣínà Akọ́-Jámánì, Fáṣínà Ọkọ Tírélà, ọkùnrin tó ń fi ìbọ̀wọ́ funfun jẹ iṣu sísun.

Ó ní Jámánì lòun ti kọ́ ọkọ̀ ńlá wíwà, pé apá ọ̀tún tó ń dẹ́rù ba àwọn awakọ̀ yòókù yìí, orí rẹ̀ lòun dàgbà sí. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ló débẹ̀ rí tí yóò já a nírọ́?

Lákòókò yẹn, ẹni tó bá mọ típà tàbí tírélà wà kì í wáṣẹ́ tì. Àwọn onígẹdú ń wá a, àwọn elépo bẹntiróòlù ń wá a. Fáṣínà rí i pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ó fa òkú ọkọ̀ kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìnkùlé, ó ní ilé ẹ̀kọ́ dé. Àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń yí sítíárìn, wọ́n ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ yóò rìn, Fáṣínà á sọ pé ní Jámánì, jíjókòó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́.

Àkùkọ àti iṣu ló ń gbà lọ́wọ́ wọn. Béjidé, àgbẹ̀ kan láti Ìfẹ́wàrà tó pa oko kòkó rẹ̀ tì nítorí iṣẹ́ awakọ̀, fa ewúrẹ́ tòun tọmọ wá. Phebe, ìyàwó Fáṣínà, bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ewúrẹ́ náà padà. Fáṣínà ní, "Ṣé ìwọ lo lọ sí Jámánì ni?"

Awóníyì, ọ̀gá kan nílé-iṣẹ́ tó ń la títì, gbọ́ òkìkí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé kó kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà: àwọn fẹ́ awakọ̀, àwọn sì fẹ́ ẹni tí yóò ṣe olórí wọn, tí yóò máa gbé ilé onífáànù.

Fáṣínà kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ronú kan ilé onífáànù, ó ronú kan orúkọ olórí, ó sì fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọn yóò dán wò, òun yóò kàn jókòó ni.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èrò ti pé sẹ́bàá títì. Awóníyì nawọ́ sí típà kan tó kún fún ilẹ̀pa.

"Ọ̀gá, ẹ gbé e dé ìdí igi ọ̀hún, káwọn ọmọ yín rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Fáṣínà ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n gbé àpótí wá kó fi gùn. Ó ní oòrùn mú jù. Awóníyì ní kò burú, gbogbo àwọn á dúró kó rọlẹ̀. Fáṣínà bá gùn ún.

Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá oríṣiríṣi wà níwájú rẹ̀. Ó yan èyí tó ń dán jù, ó fà á. Ọkọ̀ bú, ó gbọ̀n. Inú Fáṣínà dùn: ṣé bó ṣe rọrùn tó náà nìyí? Ó yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí èrò. Wọ́n ń pariwo. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ó tilẹ̀ yí sítíárìn bí ẹni ń gba kọ́nà.

Ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbéra sókè, tí ilẹ̀pa ń dà gbuu sójú títì, títí tí ọ̀nà fi dí pa, tí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ tò gbọọrọ.

Awóníyì gòkè lọ pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀gá, níbo lẹ tiẹ̀ dé gan-an?"

"Àpápá," ni Fáṣínà wí, kò gbójú sókè. "Mo ń fọ ọkọ̀ fún òyìnbó Jámánì kan."

Àwọn tó wà nítòsí sọ ọ́ fún àwọn tó wà lẹ́yìn, ẹ̀rín sì gba títì kan. Wọ́n fún un ní ṣọ́bìrì pé kó kó ilẹ̀pa náà kúrò. Àwọn awakọ̀ tí ọ̀nà dí mọ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ká a mọ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń fi ìka hàn án níbi tí ilẹ̀pa kù sí.

Awóníyì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lóòótọ́ lè wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, bí ọmọ ọkọ̀. Béjidé ló kọ́kọ́ dìde. Bó ṣe ń kọjá lọ, awakọ̀ kan bi í pé ta lọkùnrin tó ń làágùn yẹn.

Béjidé wo Fáṣínà díẹ̀.

"N ò mọ̀ ọ́n," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.