Ààlè Tí Mo Bá Lẹ́nu Ọ̀nà Wa Ní Ṣíkágò

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí bébà pupa lé èmi ọkùnrin gba ojú fèrèsé.

Àwọn ọdún 1980 ni, ní Ṣíkágò. Ará Ṣáínà ni bàbá onílé wa. Òkè ló ń gbé, àwa wà nísàlẹ̀. Lálẹ́ àná ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀ ti fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èéfín ata tí ìyàwó mi ń dín. Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ ra búrẹ́dì kí n tó múra iṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní ọsibítù nìyẹn, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́, kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ìgbà tí mo padà dé, bébà pupa ti wà lára ilẹ̀kùn. Lẹ́tà Ṣáínà kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀, aláwọ̀ wúrà, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ jọra bí ìbejì tó di ara wọn mú. Mo ní, háà, ààlè nìyí, irú èyí tí wọ́n ń pa sídìí ọsàn nílé! Bàbá onílé ti tì mí mọ́ta nítorí ata. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí o. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbà láti lọ. Mo yípo lọ sẹ́yìn ilé, òmíràn ti ń dúró dè mí lára ilẹ̀kùn ibẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù mi sì wà nínú ilé.

Mo bá gba ojú fèrèsé kíṣìnnì. Orí wọlé, èjìká wọlé, ikùn kọ̀. Fèrèsé já lé mi lẹ́yìn. Ìyàwó mi yíjú padà, ó fi orógùn kí orí mi káàbọ̀.

“Yéè! Èmi ni!”

“Bàbá Ṣadé? Ilẹ̀kùn ńkọ́?”

“Ààlè wà lára ẹ̀! Má jáde o!”

“Ààlè kẹ̀? Èmi tí mo bá wọn lẹ̀ ẹ́ ńkọ́?”

Ni mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Bàbá onílé ni, tòun ti kóòtù dúdú àti òdòdó láyà.

“Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó lónìí,” ló wí. “Ayọ̀ ni lẹ́tà yẹn. Ẹyọ kan la máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Tó bá ti di ti ìyàwó, a ó kọ méjì pọ̀, ayọ̀ ilé ọkọ, ayọ̀ ilé ìyàwó. Ara ilẹ̀kùn la máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.”

“Ọ̀rọ̀ ata àná ńkọ́, sà?”

“Ata wo?”

Òun fúnra ẹ̀ ló fà mí yọ. Kí n má bàa pẹ́, mọ́tò ìyàwó ló gbé mi dé ọsibítù, lẹ́tà náà gbàgàdà níwájú ẹ̀. Ọ̀gá mi ní mo kú oríire ìgbéyàwó.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá béèrè, ìdí ẹ̀ kì í há sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí Ṣadé ń lọ sílé ọkọ, a ti kó lọ Matteson lẹ́bàá Ṣíkágò, èmi gan-an ni mo lẹ lẹ́tà ayọ̀ méjì mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Ìbàdàn dé rí i, ó dúró gbagidi síta, ó lóun ò wọlé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, fèrèsé wà lẹ́yìn.”