Ohun Tí Mo Rí Nínú Omi Kí N Tó Lọ Sílé Àna

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ ilé àna mi ní Ajido kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ná, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé orí mi ti dàrú tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Àgbádárìgì, mo ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Sẹ̀námì, ọmọ Ègùn, olùkọ́ ni. Ìfẹ́ wọ̀ wá lára. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bàbá rẹ̀, apẹja tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Sẹ̀námì ti kìlọ̀ fún mi pé ọkùnrin tó wá ṣáájú mi, bàbá ò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbóná lórí ìjókòó tó fi dá a padà.

"Tí bàbá mi bá ti ní rárá, rárá náà ni o," ó ní. "Mi ò ní bá ẹ sá lọ síbì kankan. Omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ẹ. Mu ún, má dójú tì mí."

Omi kẹ̀? Ta ni kò lè mu omi? Mo rẹ́rìn-ín rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Àfi bí ẹni pé wọ́n fi ṣe mí. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa lọ sí Ajido, mo yà sọ́dọ̀ Fẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Fẹ́mi fa omi díẹ̀ látinú ìgò kan, ó kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó tì í sábẹ́ maikirosikópù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó sọ fún mi pé òun rẹ koríko gbígbẹ sínú ìgò náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí àwọn nǹkan inú rẹ̀ lè pọ̀ dáadáa. Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ gbogbo ohun tí ọpọlọ mi gbé délé ò ju pé omi ni, àti pé mo rí nǹkan nínú ẹ̀.

Mo fojú sí i. Yéè! Èyí àkọ́kọ́ rí bí àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà, ó ń sáré bọ̀, ó ń yí gbirigbiri bó ṣe ń lọ. Irun wẹ́wẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀, àwọn irun náà ń wa omi bí àjẹ̀ ọkọ̀. Fẹ́mi ní irun yẹn náà ló fi ń gbá oúnjẹ sínú kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Èyí ṣì yé mi díẹ̀. Èyí tó kó mi sí ṣìbáṣìbo ni èkejì, àmíbà lorúkọ rẹ̀. Ó rí bí ògì tó dà sílẹ̀, kò lórí, kò nírù. Apá kan ara rẹ̀ á yọ síwájú, ìyókù á wá ṣàn lọ bá a. Ìrìn rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?" ni mo bi Fẹ́mi.

"Ibi tó bá nà jáde ni ẹsẹ̀. Tó bá ti lò ó tán, kò sẹ́sẹ̀ mọ́."

"Ẹnu ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lẹ́nu. Ṣáà máa wò ó."

Mo wò ó. Ó kan nǹkan aláwọ̀ ewé kékeré kan, ó na ara sí ọ̀tún, ó na ara sí òsì, ó gbá a mọ́ra bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀, ó pa dé. Nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn ti wà nínú rẹ̀, mo ṣì ń rí i.

"Ó ti gbé e mì? Láìlẹ́nu? Ikùn wo ló gbé e sí?"

"Ibi tí oúnjẹ bá wà lára ẹ̀, ibẹ̀ ni ikùn. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara ẹ̀."

Mo jókòó. Ohun tí kò lẹ́sẹ̀ ń rìn, ohun tí kò lẹ́nu ń jẹun, wọ́n sì ní ó wà nínú omi. Títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò fi omi kankan kan ẹnu àfi èyí tí mo sè, tí mo sẹ́, tí mo tún padà sè.

Báyìí ni mo ṣe dé Ajido lọ́jọ́ Sátidé, nínú bùbá àti ṣòkòtò funfun báláú. Èéfín ẹja gba gbogbo àgbàlá. Bàbá Sẹ̀námì jókòó síbi àwọ̀n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà jókòó tì í. Mo dọ̀bálẹ̀. "Kúàbọ̀, kúàbọ̀," ni wọ́n ń fi Ègùn kí mi káàbọ̀. Wọ́n gbé igbá omi jáde. Bàbá ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, ó mu díẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo wo inú igbá. Nǹkan kan léfòó níbẹ̀. Ó lè jẹ́ eruku o, àmọ́ lójú mi, ó mira.

Ọgbọ́n kan wá sí mi lọ́kàn. Èmi náà ta díẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Fún bàbá mi àgbà." Mo ta òmíràn: "Fún ìyá mi àgbà." Mo dárúkọ àbúrò bàbá mi, mo dárúkọ àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi, mo dárúkọ àwọn kan tí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti kú. Igbá gbẹ táútáú. Iwájú mi di ẹrẹ̀.

Bàbá wo ilẹ̀, ó wò mí. "Òùngbẹ mà ń gbẹ àwọn òkú Èkìtì o," ó wí. Ó ní kí wọ́n tún bu òmíràn wá. Wọ́n bù ú kún bámúbámú.

Sẹ̀námì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ fi ojú gún mi. Mo bá gbé igbá sẹ́nu. Mo rò ó pé bí mo bá gbà á sẹ́nu tí mi ò gbé e mì, màá rí ibì kan tu ú sí tó bá yá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Àfi ìgbà tí bàbá la ohùn.

"Ó dáa. Kí lorúkọ ẹ?"

"Mm," ni mo wí.

"Ọmọ ta ni ẹ́ lÉkìtì?"

"Mm-mmm."

Bàbá yíjú sí Sẹ̀námì. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò sọ fún wa pé odi ni."

"Kì í ṣodi, bàbá!" Sẹ̀námì pariwo.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó, ó jọ pé eyín ló ń dùn ún. Ẹ ò rí i bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣe wú?" Àánú mi ṣe màmá. Ó sún mọ́ mi, ó na ìka, ó sì tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wò. Háà! Ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo omi náà bọ́ sójú màmá, gèlè rẹ̀ rin gbìndìn.

Bàbá dìde dúró.

"Nílé wa níbí," ó wí, "ẹni tó bá kọ omi, ìjà ló gbé wá. Sẹ̀námì, sin àlejò rẹ dé títì."

Omi lé ròrò sójú Sẹ̀námì. Nígbà tí mo rí ojú yẹn, mo mọ̀ pé mo ti ń pàdánù rẹ̀. Mo da ara délẹ̀ gbalaja, nínú ẹrẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi pò.

"Ẹ ṣàánú mi sà! Kì í ṣe ìjà, ẹ̀rù ló ń bà mí! Nǹkan kan ló wà nínú omi. Kò lẹ́sẹ̀, ó ń rìn! Kò lẹ́nu, ó ń jẹun! Kò níkùn, ó ń yó!"

Ìyá Àgbà ń nu ojú rẹ̀. Ó ronú, ó wá ní, "Ọkọ̀ ojú omi."

Ẹ gbà mí o! Màmá rò pé àlọ́ ni mo ń pa.

"Ọkọ̀ kì í jẹun, ẹ̀gbọ́n mi," ni bàbá wí. "Iná ni. Iná ń rìn, ó ń jẹ igbó."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọkọ̀ kì í jẹun? Owó àtúnṣe mélòó ló ti jẹ lọ́wọ́ ẹ?"

Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́yìn ògiri pariwo pé, "Àwọ̀n ni!" Bàbá ti jókòó padà láìmọ̀. "Ó dáa, sọ fún wa. Kí ni?"

"Àmíbà ni sà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Kí ni kí n ṣe? Ẹnu mi ò ká a. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí nínú ẹrẹ̀ náà, mo na ọwọ́ kan síwájú, mo wọ́ ìyókù ara tẹ̀ lé e. Mo tún na èkejì. Mo wọ́ dé ìdí àgbọn kan tó wà nílẹ̀, mo ya apá méjèèjì, mo gbá a mọ́ àyà. "Báyìí ló ṣe ń jẹun sà."

Ìyá Àgbà fọwọ́ di ìhà mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ojú lásán ò lè rí i sà."

"Ó sì wà nínú omi tiwa yìí?"

"Mi ò mọ̀ sà. Mo rò pé ó wà."

"Omi inú ọ̀rá ni," ó rọra wí. "Nítorí tìẹ la ṣe rà á. Omi kànga làwa ń mu."

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó síbẹ̀. Wọ́n bu igbá kẹta, mo di ojú, mo mu ún tán láìmí. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bàbá wò mí títí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí Ìyá Àgbà lédè Ègùn, màmá tún bú sẹ́rìn-ín.

Sẹ̀námì sìn mí dé títì. "Bàbá gbà," ló wí.

Mo fò sókè. "Wọ́n gbà? Kí ni wọ́n wá sọ fún màmá lẹ́ẹ̀kan?"

Kò fẹ́ sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. "Wọ́n ní ẹni tó wá ṣáájú ẹ, àyà ẹ̀ le jù, ojú ẹ̀ ń bà wọ́n lẹ́rù. Àmọ́ ẹni tí nǹkan tójú ò rí lè dà láàmú tó báyìí, wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ ò lè gbéra sókè lu ọmọ àwọn láéláé."

Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Tèmi dénú mi, odindi ìbẹ̀rù ló dà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi nǹkan ìyanu hàn mí, màá béèrè ibi tó ti rí i kí n tó sá. Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá, mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Èmi, ọkùnrin bí ọkùnrin! Mo la ẹnu kí n jà fún iyì mi, ẹ̀rín ló bọ́ jáde, nítorí òótọ́ ni bàbá sọ.