Orismon àti Pẹ́sò Tó Tó Gúùdù Márùn-ún

Gbogbo Wanament, ìlú wa létí odò ààlà, ló mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ń bá Orismon fínra. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í sì í wo aya aládùúgbò. Àmọ́ bí ẹ bá fún un ní àga kan àti ẹni méjì tí yóò gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìṣọ́ Bábélì.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òdìkejì odò dé ni, láti ilẹ̀ Dòmíníkà, níbi tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú oko ìrèké. Ó dé awò dúdú sójú, ó gbé rédíò sí èjìká, èdè Sípéènì ló sì fi ń kí àwọn ewúrẹ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo pẹ́sò, owó ilẹ̀ ibẹ̀, tó gbà lóko, inú agolo mílíìkì ló rì í mọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba orí afárá lọ sóko, ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, gúùdù márùn-ún, owó ilẹ̀ tiwa, ni wọ́n fi ń gba pẹ́sò kan, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i. Bí Kérésì bá ti dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣẹ́ tiwọn sí gúùdù, wọn á kó o lọ sílé.

"Orismon, ṣẹ́ díẹ̀ nínú ẹ."

"Ẹ máa ṣẹ́ tiyín. Márùn-ún ni nígbà bàbá mi, márùn-ún náà ni yóò jẹ́ nígbà ọmọ mi."

Ọmọ wo? Ẹni tí yóò bí i fún un, Wozlò, ṣì wà nílé ìyá rẹ̀. Ìyá náà, Madan Ilarè, sì ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀: ọkùnrin tí kò bá kọ́lé kò ní fẹ́ ọmọ òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ka ibi tí Olúwa ti bèèrè pé, ta ni nínú yín tí ń pète láti kọ́ ilé ìṣọ́, tí kì yóò kọ́kọ́ jókòó kí ó ṣírò owó rẹ̀? Orismon ló ṣe àmín tó ròkè jù. Ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá lẹ́rìí dìde, ó dìde.

"Ẹ̀yin ará, kí Kérésì tó dé, ilé mi á ti dúró. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀, páànù ni òrùlé. Kí ẹ sì tó máa lọ, kí kálukú mu kólà kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà níta. Ọrùn mi ló wà."

Àwọn ọmọdé mu méjì méjì. N kò ní sọ iye tí pásítọ̀ mu. Wozlò tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń wo rédíò èjìká Orismon.

"Kí ló dé tí eléyìí kì í sọ̀rọ̀?"

"Ó ń pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ni, Ìyá." Rédíò náà kò ní bátìrì.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó di ẹsẹ̀ afárá, níbi tí Arábìnrin Tika, ọ̀kan nínú akọrin ìjọ, ti máa ń jókòó ṣẹ́ owó.

"Arábìnrin Tika, ṣé gúùdù ọwọ́ yín á tó? Ẹ lè ní láti yá kún un o."

Tika ka pẹ́sò inú agolo náà, ó nawọ́ òkìtì gúùdù kékeré kan sí i.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Òun náà nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, gúùdù márùn-ún ni pẹ́sò kan."

"Nígbà tí mò ń fi eyín ọmọdé jẹun nìyẹn. Pẹ́sò mẹ́ta, gúùdù méjì."

"Méjì lórí pẹ́sò kọ̀ọ̀kan?"

"Méjì lórí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Orismon gba owó rẹ̀ padà, ó ní olè ni, ó kọjá sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹni yẹn gbọ́ "márùn-ún", ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ẹni tó ti ayé àtijọ́ bọ̀. Ọ̀kan bi í léèrè bóyá ó rí Nóà lọ́nà. Ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, iye tí wọ́n dá kò tilẹ̀ tó ti Tika. Ó bá padà síbẹ̀.

"Iye àárọ̀ nìyẹn," Tika wí. "Pẹ́sò ti tún já wálẹ̀ látìgbà tí ẹ ti ń pè mí lólè."

Ó gbà á. Àwọn màlúù rírù inú àlá Fáráò ti gbé àwọn sísanra mì, ikùn wọn kò sì yọ. "Orismon," ó wí fún ara rẹ̀, "nínú ìwọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gbọ́n jù. Òun rí ohun tó ń bọ̀ níwájú, ó dúró."

Obìnrin kólà ti ń dúró dè é ní kọ́nà. Ìgbà tó sanwó fún un tán, ohun tó kù kò tó ra búlọ́ọ̀kù tó lè yí àgò adìyẹ ká. Ó kiri ọjà títí. Ohun kan ṣoṣo tí owó náà ká nínú gbogbo ohun tí à ń pè ní ilé ni ilẹ̀kùn kan, tí wọn kò tíì kùn. Ẹni tó bá fọ́nnu láìwẹ̀yìn ni yóò ru ilẹ̀kùn rẹ̀ délé àna. Orismon gbé e rù.

Gbogbo àwọn tó mu kólà rẹ̀ ló bá a lọ́nà. "Arákùnrin, ilé yìí mà fúyẹ́ o." "Ẹ fẹ̀sọ̀ rìn, kí òrùlé má baà já bọ́." Ó ń rìn lọ. Ó dé àgbàlá Madan Ilarè, ó sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀, ó sì dì í mú lóòró, nítorí kò sí ògiri tí yóò fi tì.

"Ilé ńkọ́?" Madan Ilarè bi í.

"Ìyá, ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo tọrọ ìdáríjì. Iye tí mo fi ń ṣírò ti kú, èmi nìkan ni wọn kò pè síbi ìsìnkú."

Ìyá yí ilẹ̀kùn náà po, ó fi ìka kàn án. "Ìwé Mímọ́ ní kí a kànkùn. Kò sọ pé kí a rù ú wá."

Wozlò ti ń rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè nu omijé. "Màmá, ẹ jẹ́ kó wà. Mo gbà láti fẹ́ ẹ."

Inú Orismon dùn, ó tú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn kó lè fi yin Olúwa, ilẹ̀kùn sì wó lù ú mọ́lẹ̀.

"Mo gbà," Wozlò wí lókè orí rẹ̀, "ṣùgbọ́n ìwọ àti ilẹ̀kùn rẹ lẹ jọ máa sùn níta títí ògiri yóò fi dé."