Fábíyìí Pààrọ̀ Irinṣẹ́ Tó Ń Ṣiṣẹ́

Lánàá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Abọ́dúnrìn ní Òkè-Ọ̀sà, lọ́nà Ìjẹ̀dé, irú ẹ̀ ò sì dé ibẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó. Kò sẹ́ni tó jí ewúrẹ́, kò sẹ́ni tó gba ìyàwó oníyàwó. Wúràọlá ló pe Fábíyìí, àbúrò ọkọ rẹ̀, lẹ́jọ́ pé ó pààrọ̀ irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹkún ti mú ojú obìnrin náà wú. Iṣẹ́ oṣù ló fi sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, nígbà tí àlọ àtàbọ̀ ojoojúmọ́ fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀, ló wá dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan sílẹ̀ n'Íkòròdú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 yìí ló ti ń ṣe ètò tí yóò máa tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fáwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Èbúté. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá wò ó. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún, Wúràọlá á sì tún padà sẹ́nu kó máa jí wọ bọ́ọ̀sì lágogo mẹ́rin ìdájí. Ọkàn ẹ̀ ò gbé e mọ́.

"Ìwọ lọ̀gá ẹ̀," Baálẹ̀ ní. "Kí ló dé tó ò kàn lé e lọ?"

"Kábíyèsí, wọ́n ti bí wọn kí n tó wọlé ọkọ. Bọ̀dá Akọ́wé ni mò ń pè wọ́n. Tí mo bá fẹ́ bá wọn wí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń bá wọn wí."

Ìyálóde Mùlíkátù mi orí. "Òótọ́ ni. Ta ló ń lé ọkọ ẹni níbi iṣẹ́?"

"Kí ló wá ṣe gan-an?" Baálẹ̀ bi Wúràọlá.

"Bàbá, iṣẹ́ wa dà bí iṣẹ́ ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Irinṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń bá wa kan gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní òòlù. Òòlù yẹn ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ẹ̀. Bọ̀dá Akọ́wé bá lọ gbé tuntun wálé. Òòlù tuntun lóun ò lè gbá ìṣó àtijọ́. Wọ́n wá ìṣó tuntun. Ìṣó tuntun lóun ò wọ pákó wa. Wọ́n pààrọ̀ pákó. Nígbà tí mo fi máa dé ibi iṣẹ́ ní Fúráìdè, a ò lọ́kọ̀ mọ́."

Baálẹ̀ kọjú sí Fábíyìí. Ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀, ara ẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni tó wá kí àna.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Ẹ̀kọ́ ilé ló fà á."

"Ẹ̀kọ́ ilé báwo?"

"Gbogbo àárọ̀ tí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà ló máa ń sọ fún mi pé tuntun ti dé. Mo dákẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó tún sọ ọ́. Ẹni tó ń kí ni láràárọ̀, téèyàn ò dá a lóhùn, kí ni wọ́n ń pe onítọ̀hún? Màmá mi ò tọ́ mi báyẹn. Mo bá ní, ó dáa, máa bọ̀."

"O dá ẹ̀rọ lóhùn."

"Ó kí mi ni, Kábíyèsí."

"Ìṣó ńkọ́? Pákó ńkọ́?"

"Ẹbí ẹ̀ ni wọ́n. Ṣé ẹ lè gba àlejò sílé, kẹ́ ẹ ní kí ìyàwó ẹ̀ dúró síta?"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Wúràọlá ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín rárá, inú sì bí i sí gbogbo wọn.

"Òòlù àtijọ́ dà?" Baálẹ̀ bi í.

"Mo ti pa á rẹ́, kí àyè lè gba àwọn àlejò."

Wọ́n pe Dùnsìn, tó ni káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí Fábíyìí ti lọ gbé irinṣẹ́ náà.

"Ohun kan ṣoṣo ló gbé, Bàbá. Kò pẹ́ rárá."

"Ẹ ṣé gan-an," Fábíyìí dáhùn.

"Àmọ́ ó sùn lórí tábìlì mi, ó ní kí n má pa jẹnẹrétọ̀, ohun kan ṣoṣo náà ò tíì wọlé tán."

"Ó wá sùn pẹ́?"

"Kò pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la ra epo."

Baálẹ̀ ní kó lọ jókòó. Làtífù ló kàn, òṣìṣẹ́ Wúràọlá, ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rán an lọ ra búrẹ́dì, ebi á ti kú kó tó dé.

"Ṣé ètò yìí ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Kábíyèsí."

"Irọ́ ni," Wúràọlá ní.

"Lórí tèmi ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì pààrọ̀ òòlù tèmi. Wọ́n ti ní kí n pààrọ̀ ẹ̀ látìgbà Ìtúnu Ààwẹ̀, ó kàn ń rẹ̀ mí ni."

"Ta ló ní kó o pààrọ̀ ẹ̀?"

Làtífù wo ilẹ̀. "Àǹtí Wúrà ni. Wọ́n tiẹ̀ ní tí n ò bá ṣe é, kí n máa lọ sílé wa."

Gbogbo ààfin yíjú sí Wúràọlá. Ojú tì í kanlẹ̀. "Bàbá, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà Ìtúnu Ààwẹ̀ ni mo sọ ọ́, nígbà tí àyè ṣì wà. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni yọ pákó ọkọ̀ nígbà tí èrò ti fẹ́ wọ̀ ọ́."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó wo àwọn ìjòyè, ó ní ẹjọ́ ti parí.

"Wúràọlá, kọ̀ǹpútà Làtífù ni kó o gbé lọ sí Èbúté ní Mọ́ńdè. Ìmẹ́lẹ́ ọmọ yìí ló yọ ẹ́, mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé o lé e. Fábíyìí, wọ́n tọ́ ẹ nílé, wọ́n tọ́ ẹ jù. Títí àwọn ọlọ́kọ̀ á fi gba iṣẹ́ náà, ọmọṣẹ́ Làtífù ni ẹ́. Ìmẹ́lẹ́ ni yóò kọ́ ẹ. Wàá di ọwọ́ méjèèjì lérí, ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá sọ, o ò gbọ́. Tó o bá fọwọ́ kan nǹkan kan, ìwọ lo máa gbálẹ̀ ààfin yìí di ọdún tó ń bọ̀."

Wúràọlá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, omi sì ń dà lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sí Fábíyìí. "Bọ̀dá Akọ́wé, ẹ má bínú sí mi."

"Làtífù," Baálẹ̀ pè é, "ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n wẹ̀yìn. Làtífù ti sùn lọ lórí bẹ́ńṣì.

Baálẹ̀ ní kí Fábíyìí lọ jókòó tì í, kó má ba à pàdánù ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.