Ọ̀gá Ẹ-Dákẹ́ àti Ọmọ Tí Kì Í Sùn

Yàrá kan wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, tí wọ́n kọ "Ẹ DÁKẸ́" gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé fìlà oníwáyà fún ọmọ tó bá ti sùn, kí ẹ̀rọ lè ya àwòrán bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú oorun. Ọ̀gá Ẹ-Dákẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, kò sì sí ẹni tó ń pariwo tó o ní gbogbo ilé ìwòsàn náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aránṣọ kan wọlé tọ̀ ọ́, ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè rẹ̀ ń falẹ̀: kò tíì pẹ́ tó mọ̀ ọ́n rìn, kò sì tíì lè pe ìyá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni àìsùn. Olùṣọ́ ni wọ́n ń pè é nílé.

"Ṣé ọmọ ti sùn?" Ọ̀gá béèrè. Kò tilẹ̀ dáhùn ẹ káàsán.

"Rárá, Ọ̀gá."

"Kí ló dé tí kò sùn?"

"Ohun tá a bá wá síbí náà nìyẹn, sà. Kì í sùn."

"Ẹ̀rọ wa kì í wo ẹni tó lajú sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú un sùn ná, ká lè wá mọ ohun tí kì í jẹ́ kó sùn."

Aránṣọ sọ ọmọ kalẹ̀ sórí ibùsùn. Olùṣọ́ ń wo Ọ̀gá, ojú rẹ̀ là kedere.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ó ń sùn ni, kí la fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ má bá mi jiyàn, ìyá ọmọ. Ariwo lẹ̀ ń pa yẹn. Ṣé ẹ pa òfin wa mọ́? A ní kó má sùn rárá lóru àná, kó lè rẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Ó pa á mọ́, sà. Nínú gbogbo òfin tá a ti ń fún ọmọ yìí látìgbà tá a ti bí i, ìyẹn nìkan ló pa mọ́ rí."

"Kí ló wá dé tí kò rẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ló rẹ̀."

Òótọ́ lobìnrin náà sọ. Ọmọ ò tíì lè rá nígbà tí wọ́n ti kọ orúkọ sílẹ̀ de yàrá yìí, bí wọ́n bá sì kúrò lónìí láìrí àwòrán gbà, ẹ̀yìn gbogbo àwọn tó ń tò ni wọ́n á tún padà sí. Dókítà sì ti sọ fún un gbangba pé òun ò ní fún ọmọ ní oògùn kankan, àfi bí òun bá rí ohun tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ sinmi. Ẹ̀rù ń ba aránṣọ, inú sì ń bí i pé ẹ̀rù ń ba òun níwájú irú ọkùnrin yìí.

"Ẹ jókòó," Ọ̀gá wí. "Àìmọ̀kan ló ń dà yín láàmú. Ṣé ẹ máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé sùn?"

"Mo ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo máa ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa."

"Ìwé ìtàn ńkọ́?"

"Mo kà á. Bàbá rẹ̀ sùn."

"Ẹ gbọ́dọ̀ pa iná."

"A pa á, ó tàn án. Ọmọ tí kò tíì lè di ṣíbí mú dáadáa, Ọ̀gá, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná!"

"Ẹ kọrin fún un nígbà náà."

"Aládùúgbò wa ti wá dúpẹ́. Ó ní látọjọ́ tí mo ti ń kọ ọ́, òun ń sùn fọnfọn."

Ọ̀gá mi orí. "Ẹ ò gbọ́ òwe ni? Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun."

"Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì rí ọmọ mi, sà. Kò fojú ba oorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dùn ún. Èmi nìkan ni òwe náà ń bá wí."

"Kò wá sí nǹkan kan tó ń mú un tòògbé?"

"Nígbà mìíràn, tí mo bá ń rán aṣọ fèrèsé tó gùn, tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ ṣáá láìdúró..."

"Ariwo!" Ọ̀gá pariwo. "Ariwo ló ba ọmọ yìí jẹ́! Ariwo, pẹ̀lú ìkẹ́jù!"

"Ìyá ọkọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, sà, kò sì wọ aṣọ funfun ilé ìwòsàn." Obìnrin náà na ìka sí ojú ara rẹ̀. "Ọmọ tí kò tíì pè mí ní màmá rí, ẹ ní mo kẹ́ ẹ jù. Kí ni mo fi kẹ́ ẹ? Ojú mi tó pọ́n yìí?"

Ọ̀gá ò gbọ́. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó ti gbójú sókè àjà, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́," ó ní, "ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìpìlẹ̀ oorun. Oríṣi rẹ̀ sì pọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ilé wà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìta wà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín inú ilé àti ìta náà wà, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò sì mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti inú ilé yìí gan-an..."

Kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò jọ pé ó ń mí. Aránṣọ fẹ́ dá a lẹ́kun, ló bá ṣèèṣì wo ọmọ. Ìpéǹpéjú Olùṣọ́ ti wálẹ̀, orí rẹ̀ ti fì sí apá kan.

"Ọ̀gá," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ti sùn."

Ọ̀gá dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ rí i? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo sọ."

Yàrá pa lọ́lọ́. Olùṣọ́ lajú.

"Kí lẹ ṣe fún un?" Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ dákẹ́, sà."

"Èmi?"

"Ohùn yín ló fi ń sùn. Ó dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi gan-an nígbà tí òwú bá ti tán nínú rẹ̀. Ó ń lọ geere, kò sì rán nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ."

Ọ̀gá fẹ́ bínú, àmọ́ láti àárọ̀ kò tíì rí ọmọ kan ṣoṣo ya. Ó gbé ìbínú náà mì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ilé. Kò pẹ́, Olùṣọ́ sùn. Ọ̀gá dé fìlà oníwáyà fún un tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

"...ti òwúrọ̀ wà, ti ọ̀sán wà, ti ìrọ̀lẹ́ náà wà. Ìyá ọmọ, ìmọ̀ mi ti ń tán."

"Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Mo ti padà síbẹ̀ tó ìgbà mélòó kan."

"Ẹ ka ohun tó wà lára ògiri."

"Ẹ dákẹ́. Ẹ bọ́ bàtà yín síta. Ẹ má jẹun níbí. Ẹ dákẹ́." Ògiri tán. Òógùn ti bo iwájú orí Ọ̀gá. Ìpéǹpéjú ọmọ mì.

"Ó ń jí o! Ẹ sọ ohunkóhun! Ẹ sọ nípa ọmọ tiyín. Báwo lẹ ṣe ń mú un sùn?"

"Ọmọ tèmi," Ọ̀gá wí ní ohùn kan náà, geere, "àbíkẹ́yìn mi, oorun rẹ̀ ò dáa rárá, ó máa ń ké títí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú un sùn, torí ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é, èmi máa ń gbé ìrọ̀rí mi lọ sí yàrá kejì, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, tílẹ̀ bá mọ́ màá sọ fún ìyàwó mi pé ìkẹ́jù ni, ìkẹ́jù àti ariwo..."

Ó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ojú tì í gidigidi. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dákẹ́.

"...ìyàwó mi kì í dá mi lóhùn mọ́, mo ti rò pé ó ti gbà pé òótọ́ ni mo ń sọ, mo ti rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìyẹn..."

Inú aránṣọ dùn, ká má purọ́. Àánú ìyàwó tí kò mọ̀ rí náà sì ṣe é.

Ẹ̀rọ dún kín-ín, ó dúró. Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ lọ títí ó fi wo àwòrán náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ó pé," ó wí, ohùn rẹ̀ ti há. "Dókítà á rí ohun tó ń wá níbẹ̀. Ìyá ọmọ, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè dákẹ́ báyìí?"

Aránṣọ ti ṣí fìlà lórí ọmọ, ó ti gbé e pọ̀n. Olùṣọ́ ń hanrun lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Obìnrin náà gbé àpò ọmọ lé Ọ̀gá lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ dákẹ́ kẹ̀? Ẹ má dán an wò! Ilé wa ò jìnnà, ẹ máa sọ̀rọ̀ bọ̀. Lónìí, èmi ni mo máa sùn ní yàrá kejì."