Bàbá Ọlọ́jọ́ Ẹtì

Ẹ bá mi kí Torkel Wiberg! Àjànàkú tí ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ! Akọni tó gba ìsinmi nítorí ọmú tí kò ní!

Ní Jämtland, agbègbè kan nílẹ̀ òyìnbó tí Torkel ń gbé, ọkùnrin tí kò bá gba ìsinmi láti tọ́mọ, bí ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe ń wò ó. Torkel gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó wá fi ọjọ́ Ẹtì jẹ́ bàbá. Ẹni tó pe ọjọ́ náà ní Ẹtì kò kúkú purọ́.

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà ọdẹ, tí àgbọ̀nrín tó ga ju ẹṣin lọ ń jẹ̀ káàkiri igbó, ni ìfẹ́ ọmọ wọ̀ ọ́ lára. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá ti mọ́, yóò gbé Tyra, ọmọ ọdún kan, fún Holger, bàbá ìyàwó rẹ̀, yóò gbé ìbọn, ó di inú igbó. Tó bá di ọjọ́ Ajé, yóò máa mí kanlẹ̀ nídìí kọfí níbi iṣẹ́.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ títọ́ le o! Ẹ̀yìn ń ro mí.”

Òótọ́ ni. Ẹran ló rù.

Gunvor, ọ̀gá wọn, ń wá igbákejì. Torkel fẹ́ ipò yìí débi pé ó ń lálàá rẹ̀.

“Èèyàn là ń tọ́ níbí, ẹni tó mọ ọmọ tọ́ ni mo fẹ́,” ni Gunvor wí. “Torkel, gbé ọmọ rẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì ká rí i. Nídìí kọfí ni màá ti dárúkọ ẹni tí mo mú.”

Torkel so Tyra mọ́ àyà bí àmì ẹ̀yẹ, ó yan wọlé.

“Kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ?” Petter, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, ló bi í.

“Oúnjẹ… oúnjẹ ọmọdé.”

“Báwo lo ṣe ń mú un sùn?”

“Mo máa ń ní kó sùn ni.”

Tyra bú sẹ́kún. Torkel gbọ̀n ọ́n, ó súfèé, ẹkún ń le sí i. Ló bá na ìka sí i: “Ó tó! Jókòó!” Ohùn tó fi ń pàṣẹ fún ajá ọdẹ rẹ̀ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ bá a tijú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Holger ló sáré dé, ó mú ehoro ìṣeré kan tí wọ́n faṣọ rán lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú o. Torkel gbàgbé ehoro Tyra sílé, kì í sì í gbádùn láìsí i.”

“Bàbá!” Tyra kígbe, ó fẹ́ já bọ́ láyà Torkel. “Bàbá! Bàbá!”

Holger gbà á. Ẹkún dá.

“Ta ló ń pè ní bàbá?” Gunvor béèrè.

“Èmi ni, ọmọ mi,” ni Holger wí, ẹni tí kò mọ irọ́ pa. “Mo ní bàbá àgbà ni mí, kò gbà. Èmi ló kúkú ń rí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.” Ó yíjú sí Torkel. “Àwọn ọdẹ ní kí n bi ọ́, ṣé o ṣì ń bọ̀? Wọ́n ti tú ajá sílẹ̀.”

Gunvor gbé ẹ̀wù Torkel kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

“Bàbá, ẹ jókòó, ẹ mu kọfí. Petter, ìwọ ni igbákejì mi.”

Torkel na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ẹ̀rín ẹ̀tàn bojú: “Tyra, ó yá, wá bá bàbá.”

Tyra wò ó dáadáa. Ó rọra gbé ọwọ́ kékeré sókè, ó sì juwọ́ ó dàbọ̀ sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa ṣe sí àlejò.