Kọ̀ǹpútà Tó Ń Jẹ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Àáfà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé ẹ̀, àwọn ará àdúgbò Gàmbàrí ò ní jẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà tún ohùn àti fídíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Fate. Àáfà àgbà kan tí àìsàn ti gba ohùn lọ́wọ́ wọn kó wáàsí wọn àtijọ́ tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi, kí n tún un ṣe fáwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mo ṣe àkọ́kọ́, mo dà á sínú fíláàṣì, mi ò sì tún un gbọ́. Mo ṣáà mọ̀ pé mo mọṣẹ́!

Níbi wòlímọ̀, àsè ìparí kéwú ọmọ-ọmọ wọn, la ti tàn án. Jàmáà kún agboolé wọn ní Gàmbàrí. Ohùn Àáfà jáde ketekete: "Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ má purọ́." Spíkà bá ha kàrà. "Ẹ jalè!"

"Má" ti pòórá. Mo sáré dá a padà sẹ́yìn, àwọn tí ò gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà bá gbọ́: "Ẹ jalè!" Àwọn ọmọ kéwú ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín.

Àbúrò Àáfà, Àlàájì kan báyìí, dìde. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, fáírọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀. Gbé e fún ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ má bínú, Àlàájì. Ẹ̀rọ mi ni, èmi náà ni màá tún un ṣe."

Mo yọ fíláàṣì mi, mo gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.

Mo dá dísíìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà mi ń tọ́jú iṣẹ́ sí, lẹ́bi. Mo ra tuntun ní Ọjà Tuntun, mo tún iṣẹ́ náà ṣe, mo sì ránṣẹ́ pe Àáfà àti Àlàájì sí ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ̀ ẹ́. "Ẹ bẹ̀… bẹ̀… bẹ̀… bẹ̀ẹ̀ẹ̀…"

"Ewúrẹ́ ti wọnú ẹ̀ báyìí," ni Àlàájì wí.

Àáfà rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n wá fi ìwọ̀nba ohùn tó kù wọ́n kù bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Èyí tí mo kó fún ẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Àáfà. Kò sóhun tó ṣe é."

"Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ," ni Àáfà wí.

Mo bá da wáàsí kan náà kọ léraléra. Ibi tí ọ̀kan ti bàjẹ́, ibẹ̀ kọ́ ni òmíì ti bàjẹ́. Dísíìkì tuntun ò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá fura sí mẹ́mọ́rì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí fúngbà díẹ̀ kó tó gbé e fún dísíìkì. Méjì ló wà nínú ẹ̀rọ mi. Mo yọ ọ̀kan, ohùn ò já mọ́. Mo fi èyí tí mo yọ rọ́pò ìkejì, ewúrẹ́ tún ké. Ọwọ́ mi tẹ ọ̀daràn!

Mo fi mẹ́mọ́rì tó dáa tún wáàsí náà ṣe, mo sì gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a tún tàn án ní agboolé yẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ètè Àáfà ń tẹ̀lé ohùn ara wọn, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

"Àlàájì, ọkùnrin wo ló tún un ṣe?" Mo bi wọ́n o! Wọ́n ní kí n lọ jẹun.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kì í ṣe pé kí n gbéṣẹ́ mi fún ẹlòmíì. Láéláé! Kí n fi etí ara mi gbọ́ iṣẹ́ mi kí jàmáà tó gbọ́ ọ ni, kí n má sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìwádìí. Dísíìkì àtijọ́ tí mo fẹ̀sùn kàn ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́ di òní. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Kò fèsì, èmi ni mo ń dá rẹ́rìn-ín.